Alángbá Tó Gbé Ọjọ́ Ìbí Mì

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá yín, bàbá yín gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bèèrè pé ta ló kọ́kọ́ dúró ti alángbá tó ń wá èyí tí inú ń run, kí ló sì fẹ́ fi inú alángbá ṣe. Ó dáa, èmi bèèrè. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló fà á.

Mo rí ẹni tó ń yínmú lẹ́yìn yẹn o. Ẹ ní òwe ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé? Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni? Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kì í bá ẹni tó bèèrè jiyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ní ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ, torí pé àwọn ọmọ ibẹ̀ mọ ilé mi, agboolé kan wà tó ń jẹ́ agboolé Jagùnlabí. Ibẹ̀ ni Bàbá Láṣebìkan ń gbé. Ọ̀gá ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, gbogbo ayé sì ń pè é ní Ọ̀gá Tíṣà. Gbogbo ayé, àfi ẹnì kan. Ẹni náà ni Bàbá Oyèékànmí, tó ṣe iṣẹ́ olùṣọ́ igbó ọba títí tó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá àwọn méjèèjì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn ọmọ yìí, oṣù kan náà, nínú ilé kan náà. Ìjà wọn kò sì ju ẹyọ kan ṣoṣo lọ: ta ló kọ́kọ́ dé?

Ẹ má fojú kéré ìjà yìí. Ẹni tó bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo ṣáájú ẹni, ó ti ṣáájú ẹni títí ayé nìyẹn. Òun la ó máa kí ní "ẹ", òun ni yóò kọ́kọ́ mú ẹran nínú àwo. Láṣebìkan kò ní pe Oyèékànmí ní "ẹ" láéláé. Bẹ́ẹ̀ ni bó bá pè é ní "o", ìjà dé. Oyèékànmí náà wà lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nítorí náà, láti kékeré, "a" ni àwọn méjèèjì fi ń kí ara wọn.

"Ṣé a jí dáadáa?"

"A jí o. Ṣé a sùn dáadáa náà?"

Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á rò pé orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ sùn.

Wọ́n ń fi "a" rọra gbé e lọ bẹ́ẹ̀ títí Baálé agboolé fi kú. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ di ńlá. Ọkùnrin tó dàgbà jù ní agboolé Jagùnlabí ló ń jẹ Baálé, àwọn méjèèjì yìí ló sì kù. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, èkejì yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un níwájú gbogbo ẹbí, yóò sì máa dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Bí Ọ̀gá Tíṣà bá ti rántí èyí, á ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. Òun tó ti na ìdajì ìlú yẹn ní pàṣán ní ilé ìwé, kí òun wá máa fi àyà gbálẹ̀ níwájú Oyèékànmí!

Ẹbí dá ọjọ́ Sátidé, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níwájú ilé Ọ̀gá Tíṣà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n dá a sí torí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Bàbá àgbà wọn, tó jẹ́ kátíkíìsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, a máa kọ ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ agboolé sínú ìwé ńlá kan. Ikán ti jẹ ìwé náà tán, ṣùgbọ́n kí ikán tó dé, Ọ̀gá Tíṣà ti ya àwòrán ojú ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀. Ó ti kà á ní ìgbà tí kò níye. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni òun fi ju Oyèékànmí lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? A kì í fi ẹni tó ń ṣẹjọ́ ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Oyèékànmí ní tirẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu gbogbo rẹ̀, ó ní òun ò ní wọ ilé ẹnikẹ́ni lọ kàwé nípa ìbí ara òun, ìyá òun ti sọ fún òun kó tó kú, òun ni àgbà. Àfi kí gbogbo ẹbí fi ojú ara wọn rí ojú ewé yẹn.

Ìyá Ṣùbòmí, ìyàwó Ọ̀gá Tíṣà, ti sọ ọ́ títí pé kó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Ọkọ rẹ̀ ní, "Bébà? Bébà tí ikán jẹ ńkọ́? Ikán kì í jẹ kọ̀ǹpútà." Òótọ́ ni. Ikán kì í jẹ kọ̀ǹpútà.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ ìpàdé ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Ọ̀gá Tíṣà tàn án, ó lọ wẹ̀, ó jẹ ẹ̀kọ, ó jẹ àkàrà, ó bọ́ síta, ó bá ẹni tó ń kọjá sọ̀rọ̀ òṣèlú, ó tún wọlé, kọ̀ǹpútà kò tíì là. Nígbà tó là, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀: kẹ́n, kẹ́n, kẹ́n. Á dákẹ́ díẹ̀. Kẹ́n, kẹ́n, kẹ́n.

"Ìrẹ̀ ló kó sí i nínú," Ìyá Ṣùbòmí sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìrẹ̀ wo ló ń ké ní ọ̀sán?"

"Ìrẹ̀ tí kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru nínú àpótí tó ṣókùnkùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu lójú Ọ̀gá Tíṣà, ló bá fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìrẹ̀ kò jáde. Ní Túsìdeè, ojú kọ̀ǹpútà di aláwọ̀ aró, ó kọ òyìnbó wẹẹrẹwẹ sí i, ó sì kú. Ọ̀gá Tíṣà tàn án, ó là, ó tún kú. Ní Wẹ́sìdeè, wọ́n nù ún, wọ́n yí ojú rẹ̀ síbi atẹ́gùn, wọ́n gbé òkúta mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohùn yẹn wá le sí i.

Ẹ mọ agboolé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ lójúde pé ara kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Tíṣà kò yá, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí i bí a ti ń kí aláìsàn. Wọ́n mú ọsàn wá, wọ́n mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. "Ẹ kú ìtọ́jú o. Ọlọ́run á fọwọ́ tọ́ ọ." Bàbá Oyèékànmí náà mú búrẹ́dì wá. Ó fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó jókòó.

"A gbọ́ pé a ò gbádùn nílé yìí," ó sọ fún Ọ̀gá Tíṣà.

"A wà pa. Orí fífọ́ lásán ni."

Kọ̀ǹpútà dún: kẹ́n, kẹ́n, kẹ́n. Oyèékànmí yíjú sí i, ó sì tẹríba díẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ rọ́jú."

Ọ̀gá Tíṣà wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. Àádọ́rin ọdún lé kan, ọkùnrin yìí kò fi "ẹ" kí òun rí, ẹ̀rọ ló wá ń fi "ẹ" kí!

Obìnrin kan wà nítòsí pósì ọ́fíìsì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Dọ́káàsì lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè é. Ó ti bá iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn láti Mọ́ńdè, kò sì dé títí di àárọ̀ Sátidé. Bó ti wọlé, ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n kó ọsàn kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó tú àpótí rẹ̀, ó gbọn eruku jáde. Ó yọ wáyà, ó tún un fi, ohùn yẹn kò lọ. Ó pààrọ̀ wáyà, kò lọ. Ó wá mú irin tó fi ń tú ìdè, ó fi ẹnu irin náà lé àpótí irin pẹlẹbẹ kan nínú ẹ̀rọ, ó fi ìdí rẹ̀ sí etí ara rẹ̀.

"Háàdì yín ló ń kú lọ, bàbá."

"Kí ni háàdì?"

"Ibi tó ń kó ohun tó mọ̀ sí ni. Àwo kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí bí òòyì, abẹ́rẹ́ kan sì wà tó ń kàwé lára àwo náà. Abẹ́rẹ́ yẹn ló ń ṣìnà tó ń kanlẹ̀. Ọjọ́ wo ló ti ń ké?"

"Mọ́ńdè."

"Ẹ sì ń tàn án láti Mọ́ńdè?" Ó di orí mú. "Ìgbàkígbà tí ẹ bá tàn án, ẹ̀ ń pa á sí i ni. Ṣé ẹ ní ẹ̀dà ohun tó wà nínú rẹ̀?"

Ojú Ọ̀gá Tíṣà tàn. Ìbéèrè tó mọ̀ ọ́n nìyí. "Ṣé mo jọ ọ̀lẹ ni? Mo ní ẹ̀dà mẹ́ta."

"Ẹ ṣé o! Ibo ni wọ́n wà?"

"Inú rẹ̀ náà ni."

Ìyá Ẹ̀rọ bó ọsàn kan, ó mu ún tán, ó nu ẹnu. Ó wá ní òun lè gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ká tan kọ̀ǹpútà, ká gbà á láàyè kó máa ráre lọ bó ti lè rí, ká rọra máa fa ìwé bàbá àgbà jáde kí abẹ́rẹ́ tó kanlẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò gbọdọ̀ mì. Bí ilẹ̀ bá mì, abẹ́rẹ́ á ha àwo, ó parí. Ohun tí wọ́n sì rí tí wọ́n lè fa ìwé náà sí ni káàdì kékeré kan tó wà nínú fóònù Ìyá Ṣùbòmí, kò tóbi ju èékánná ọmọńdinrín lọ.

Wọ́n tàn án. Ilà aláwọ̀ ewé kan fara hàn lójú kọ̀ǹpútà, ó ń rìn bí ìgbín. Nígbà tó di ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, agogo mẹ́wàá ti lù. Ọ̀gá Tíṣà bọ́ bàtà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀. Kó tó jókòó ló gbọ́ gbì, gbì, gbì láti ìta. Sátidé ni. Wọ́n ń gúnyán nílé kejì!

Ó sáré jáde lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ wo ọ̀gá ilé ìwé àná o, ó ń sáré láti ojúlé dé ojúlé láìwọ bàtà, ó ń bẹ àwọn obìnrin pé nítorí Ọlọ́run kí wọ́n gbé ọmọ odó kalẹ̀, háàdì ń kú lọ. Àwọn kan rò pé Háàdì jẹ́ orúkọ ẹnì kan. Wọ́n bú sẹ́kún. Ó tún ní kí wọ́n rọra sunkún, torí pé àwọn kan ti ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, gbogbo agboolé Jagùnlabí jẹ iṣu sísè gbígbẹ, wọ́n ń rìn bí olè ní ọ̀sán gangan, ìdí rẹ̀ kò sì yé ẹyọ ẹnì kan nínú wọn.

Nígbà tó fi díẹ̀ kọjá agogo kan, ilà náà pé ọgọ́rùn-ún. Kọ̀ǹpútà dún lẹ́ẹ̀kan, kẹ́n, ó sì dákẹ́. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Ọ̀gá Tíṣà di Ìyá Ẹ̀rọ lọ́wọ́ mú, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ayọ̀ ni o. Ó ti rí ara rẹ̀ lórí àga Baálé, ó ti rí àtàrí Oyèékànmí nílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi wá, kí ẹbí lè fi wo ìwé náà," Ìyá Ẹ̀rọ sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi káàdì sínú àwo funfun pẹrẹsẹ kan. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má ṣe nǹkan kan fún un."

Ìbá ti dáa ká ní ó ní kó ṣe nǹkan kan. Ẹni tí wọ́n bá ní kó má ṣe nǹkan kan, ìrònú ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Tíṣà wo káàdì, ó rò ó pé gbogbo àwọn tí wọ́n bí ní agboolé Jagùnlabí ló wà nínú nǹkan tíńtín yìí, bàbá òun wà níbẹ̀, òun náà wà níbẹ̀. Àlejò ńlá bẹ́ẹ̀ wọlé, a ò fún un ní nǹkan kan tọ́ wò. Ọmọ ọwọ́ lásán, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, a máa ń fún un ní oyin níjọ́ ìsọmọlórúkọ. Èyí tó mọ gbogbo wa ńkọ́?

"Ìyá Ṣùbòmí! Gbé oyin wá."

"Oyin kẹ̀? Obìnrin yẹn ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Oyin ló máa kàn án."

Wọ́n gbé àwo náà lọ sórí ògiri kúkúrú tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Oyin dé. Bí Ọ̀gá Tíṣà ṣe la ẹnu láti ṣàdúrà ni Bàbá Oyèékànmí yọ, tó wá wo bí aláìsàn ti ń ṣe. Wọ́n sọ fún un pé aláìsàn ti kú, àmọ́ ó fi ìwé sílẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi oyin tọ́ ìwé ìbí lẹ́nu, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

"Ẹni tó dàgbà jù níbi tí a ti ń tọ́ nǹkan lẹ́nu ló ń kọ́kọ́ ti ìka bọ oyin," ó wí.

"A mọ̀ bẹ́ẹ̀," Ọ̀gá Tíṣà dáhùn. "Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ ti ìka bọ̀ ọ́."

"Kí a sún sẹ́yìn díẹ̀, kí a lè ráàyè."

"Ṣé àwa ló máa sún ni, àbí àwa?"

Ìka méjèèjì wọ inú oyin lẹ́ẹ̀kan náà. Ìka méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì dojú kọ káàdì lẹ́ẹ̀kan náà, tí oyin fi bò ó mọ́lẹ̀ bámúbámú. Ìjà wá bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ìka ta ló kọ́kọ́ kàn án? Wọ́n yíjú síra wọn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí àwo, wọ́n ń ka orúkọ àwọn tó ti kú tó lè jẹ́rìí. Èèrà ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn oyin. Wọ́n tò wá láti inú ògiri, wọ́n bo káàdì. Bí èèrà bá sì pọ̀ níbì kan, ẹ mọ ẹni tó ń bọ̀.

Ìyá Ṣùbòmí ló pariwo. Nígbà tí àwọn bàbá méjèèjì yí padà, alángbá olórí pupa kan dúró nínú àwo. Ó la ẹnu. Ó gbé èèrà, ó gbé oyin, ó gbé káàdì, ó gbé bàbá àgbà tó jẹ́ kátíkíìsì àti gbogbo ìran Jagùnlabí mì. Ó mi orí lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó ní "ó dùn", ó sì bẹ́ sílẹ̀, ó sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀yìnkùlé yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ìlú alángbá ni. Ilẹ̀ oníṣìmẹ́ńtì kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbóná lọ́sàn-án, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń yáàrùn. Ìyá Ṣùbòmí kà wọ́n di mẹ́tàdínlógójì. Àwọn olórí pupa inú wọn jẹ́ mọ́kànlá, kò sì sí ìyá tó lè dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀gá Tíṣà káwọ́ lérí. Ó fẹ́ kú. Oyèékànmí náà káwọ́ lérí, kò sì ṣe ojú ayé o, torí pé ó gba ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ gbọ́ pátápátá. Ó ti dá a lójú pé lónìí yìí gan-an ni ìwé náà máa gbè é. "A ti pa ara wa," ó ń sọ. "A ti pa ara wa."

Ìyá Ẹ̀rọ padà dé, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká dání. Wọ́n ròyìn fún un. Ó ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Ó jókòó sórí ògiri kúkúrú yẹn.

"Ẹ fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu."

"Díẹ̀ ni," Ọ̀gá Tíṣà wí.

"Ó dáa." Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀rá líle ni wọ́n fi bo káàdì yẹn lára, omi inú alángbá kò ní tètè bà á jẹ́. Bó bá yà á jáde, a óò fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mọ èyí tó gbé e. Nǹkan líle kì í wọ inú ẹran kékeré kó má mọ̀ ọ́n lára. Inú á máa run ún. Ẹ wá èyí tí inú ń run láàárín wọn, a óò da apẹ̀rẹ̀ bò ó."

Ọ̀rọ̀ tó rọrùn lẹ́nu nìyẹn. Wọ́n dúró, wọ́n wo alángbá. Gbogbo alángbá dakùn délẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò wọ́n. Àwọn alángbá dakùn délẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n yí lọ sápá ọ̀tún, wọ́n yí lọ sápá òsì. Ibi yòówù kí èèyàn dúró sí, ẹ̀yìn alángbá ló ń rí, ikùn wọn ń bẹ lórí sìmẹ́ńtì. Bí wọ́n bá sì sún mọ́ wọn jù, alángbá á sá. Ìyá Ẹ̀rọ ní kò sí bí a ṣe lè rí ikùn ẹni tó dakùn délẹ̀ àfi kí àwa náà dakùn délẹ̀.

Ọ̀gá Tíṣà wo ilẹ̀. Ó rántí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Ó tún rántí àga Baálé. Ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún, ọwọ́, àyà, títí tí àgbọ̀n rẹ̀ fi kan sìmẹ́ńtì. Oyèékànmí kò ní jẹ́ kí ó dá rí ohun tí òun kò rí. Ó gba òdìkejì lọ, òun náà tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n dojú kọ ara wọn, orí sí orí, alángbá mẹ́tàdínlógójì sì wà láàárín wọn. Ìyá Ṣùbòmí àti Ìyá Ẹ̀rọ lọ wá apẹ̀rẹ̀.

"Èyí tó wà lápá ibí yìí ń fajú ro," Ọ̀gá Tíṣà sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Bí ojú rẹ̀ ti rí látilẹ̀ nìyẹn. A mọ bàbá rẹ̀."

"Èyí tó ń mi orí ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ló ń mi orí."

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Oòrùn gbóná, iṣu sísè gbígbẹ tí wọ́n jẹ lọ́sàn-án bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ Ọ̀gá Tíṣà ní ikùn. Ó gbọ́ tí ikùn Oyèékànmí náà ń kùn lódìkejì. Ó jọ ọ́ lójú pé láti kékeré wọn, àwọn méjèèjì kò tíì jọ ṣe ohun kan náà pẹ́ tó báyìí láìjà. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ jáde. Ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́.

Ìgbà yẹn ni agogo mẹ́rin lù tí ẹbí dé. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni níwájú ilé, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ wá sí ẹ̀yìnkùlé. Ogójì èèyàn ni wọ́n, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n sì fi àga gbé Ìyá Abẹ́ní, obìnrin tó dàgbà jù ní agboolé, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Gbogbo wọn dúró gbagidi. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń bá ara wọn du àgbà ni wọ́n rí níwájú wọn yìí, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ara wọn.

"Ha!" ẹnì kan kígbe. "Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ta?"

"Òun ni!" Àwọn méjèèjì ló dáhùn, àwọn méjèèjì ló sì na ìka síra wọn.

Ojú ẹsẹ̀ ló yé wọn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde ni yóò fi èkejì sílẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ti ilẹ̀. Ọ̀gá Tíṣà gbé àyà sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ dún kẹ́n, ó sì há síbẹ̀. Oyèékànmí dé orúnkún kan, ìbàdí rẹ̀ kọ̀, ó tún bọ́ sílẹ̀ pọ̀ọ̀. "Ẹ gbé wa!" wọ́n ń ké. "Ẹ gbé wa dìde!"

Ọkùnrin méjì sáré síwájú. Ẹnì kan dí wọn lọ́nà, ó ní ta ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ gbé? Ṣé kì í ṣe àgbà la ń kọ́kọ́ gbé ni? Ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé, ẹ ti fi jẹ Baálé nìyẹn. Àwọn ọkùnrin méjì náà sún sẹ́yìn. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn bèèrè pé ta ni yóò ka "ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta", kí ó má baà jẹ́ pé apá kan á gbé kí èkejì tó gbé. Ẹbí pín sí méjì. Wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń nàka. Àwọn bàbá méjì wà nílẹ̀, wọ́n ń kérora, alángbá ń gùn wọ́n lẹ́yìn kọjá.

Ìyá Abẹ́ní gbé ọ̀pá sókè.

"Ẹ̀yin ọkọ mi," ó sọ fún àwọn tó wà nílẹ̀, torí pé ìyàwó ilé ni, bó ti wù kó dàgbà tó, ọkọ rẹ̀ ni ọmọ tó bá nílé. "Kí lẹ̀ ń wá?"

Ìyá Ẹ̀rọ ló ròyìn fún un: háàdì, káàdì, oyin, èèrà, alángbá. Ìyá Abẹ́ní fetí sílẹ̀ títí ó fi parí.

"Ẹ ò ṣe bi mí?" ó wí.

Ara gbogbo ẹbí di gírí. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, Ìyá? Ta ló dàgbà jù?"

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé mi ní ìyàwó wọ agboolé yìí, ẹ̀yìnkùlé yìí náà ni mo gbà wọlé. Mo bá àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n wà yìí. Orí ikùn ni wọ́n wà, wọ́n ń rá kiri. Mo bèèrè pé èwo ni ẹ̀gbọ́n, kí n lè mọ ẹni tí màá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Títí dòní ni mo ń retí." Ó gbé ọ̀pá kalẹ̀. "Ó dáa, èmi á parí rẹ̀. Agbára àgbà kọ́ ni kí wọ́n máa pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá lè pe èkejì ní ẹ̀gbọ́n, tí inú kò sì run ún, òun ni yóò jẹ Baálé."

Ọ̀gá Tíṣà wo Oyèékànmí láti ilẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni òun fi jù ú. Òun mọ̀ ọ́n, òun rí i, òun kà á. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lẹ́nu rẹ̀ ju kọ̀ǹpútà lọ. Ṣùgbọ́n àga Baálé ni wọ́n gbé síwájú òun yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Ó di ojú, ó fi gbogbo agbára ké e jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

Ó la ojú. Ẹnu Oyèékànmí náà ṣì là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n jọ ké e, ohùn kan náà, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ogójì èèyàn tó lè sọ èyí tó ṣáájú.

"Inú kò run mí!" Ọ̀gá Tíṣà yára fi kún un, ó di ikùn mú.

"Èmi gan-an ni inú kò run!" Oyèékànmí náà di tirẹ̀ mú, ó ń làágùn.

Ìyá Abẹ́ní wo Ọ̀gá Tíṣà, ó wo Oyèékànmí. Ó wo alángbá mẹ́tàdínlógójì tó wà láàárín wọn, tí gbogbo wọn na ara sílẹ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n ń mi orí. Ó ní kí àwọn tó gbé e wá tún gbé àga òun, kí wọ́n gbé òun padà sílé.

"Ìyá, ìpàdé ńkọ́? Ta la fẹ́ fi jẹ Baálé?"

"Ẹ bi ara yín," ó wí. "Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run."